Olùkọ́ àti Olùrànlọ́wọ́ Rẹ̀ Nínú Kíláàsì Kan

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá dá lórí ènìyàn méjì tó ń ṣiṣẹ́ nínú kíláàsì kan ṣoṣo. Ní Ìbàdàn níbí, láti Bódìjà dé Agbowó, láti Ring Road dé Challenge, ó ṣòro kí ẹ tó rí ilé-ìwé jẹ́léósinmi aládàáni tí kò ní àwọn méjèèjì: olùkọ́ tó ni kíláàsì, àti olùrànlọ́wọ́ tí àwọn ọmọ ń pè ní àǹtí. Bí ìjà bá dé láàárín wọn, a máa ń sọ pé ìwà wọn ni kò bára mu, pé ọ̀kan ń gbéra ga, pé èkejì kò mọ àgbà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àìsí ètò ló ń ba àjọṣe wọn jẹ́ ju ìwà lọ, ohun tó sì wọ́n wọn jù ni àkókò láti jókòó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ kí àwọn ọmọ tó dé.

Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa fi ọmọ 25 sọ́dọ̀ olùkọ́ kan ní jẹ́léósinmi. Ọmọ ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, 25, apá ẹnì kan kò lè ká wọn. Bí olùkọ́ ṣe ń kọ́ wọn ní lẹ́tà B, ọ̀kan fẹ́ tọ̀, ọ̀kan ń sunkún ìyá rẹ̀, òmíràn ti da omi sórí ìwé. Àǹtí ló ń dìde sí gbogbo rẹ̀. Òun ló ń jókòó ti ọmọ nídìí oúnjẹ, òun náà ni òbí ń bá lẹ́nu géètì lọ́sàn-án. Ó lè ti mọ̀ pé ọmọ kan kò fọhùn láti ọjọ́ Ajé, pé ìyá rẹ̀ ti rìnrìn àjò, nígbà tí olùkọ́ ti ń ka ọmọ náà mọ́ àwọn tí orí wọn kò gbàwé. Kò sí wákàtí kankan nínú àtẹ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni máa fi bi í léèrè ohun tó mọ̀.

Ibi tí ìṣòro àìráyè sọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere jù ni ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí kò gbọ́ràn. Ìlú Ìbàdàn kì í ṣe àlejò nínú rẹ̀. Ní 1960 ni Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́ràn, dá ilé-ìwé sílẹ̀ fún wọn níbí. Lónìí, àwọn ọmọ tí kò gbọ́ràn àti àwọn tó ń gbọ́ràn jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Methodist Grammar School, Bódìjà. Nínú irú kíláàsì bẹ́ẹ̀, ògbufọ̀ ni olùrànlọ́wọ́ tó yẹ kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ olùkọ́, kó máa fi ọwọ́ sọ ohun tí olùkọ́ ń fẹnu sọ. Ẹ wá wò ó. Olùkọ́ báyọ́lọ́jì kọjú sí pátákó, ó ń ya ewé, ó sì ń sọ̀rọ̀ lọ. Ọmọ tó ń gbọ́ràn lè máa wo ewé kó sì máa gbọ́. Ojú kan náà ni ọmọ tí kò gbọ́ràn fi ń wo nǹkan tó sì fi ń gbọ́rọ̀. Bó bá wo ewé, ọwọ́ ògbufọ̀ ti kọjá. Bó bá wo ọwọ́, wọ́n ti nu ewé kúrò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà photosynthesis ti dé. Bí àwọn méjèèjì kò bá ti fẹnu kò lórí àmì tí wọ́n máa fi pè é, lẹ́tà mẹ́rìnlá ni ògbufọ̀ máa fi ìka tò lọ́kọ̀ọ̀kan, olùkọ́ á sì ti dé ìpínrọ̀ mìíràn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀ ọjọ́ náà tó láti yan àmì, kí wọ́n sì gbà pé àwòrán máa parí kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọn kò bá rí ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, wọ́n lè fẹ́ràn ara wọn bí ọmọ ìyá, kí ẹ̀kọ́ ṣì bọ́ mọ́ ọmọ náà lọ́wọ́. Òfin 2018 tó dáàbò bo àwọn tó ní ìpèníjà ara ní kí ilé-ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ láti bójú tó ẹ̀kọ́ wọn. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n pé a gba òṣìṣẹ́ kò túmọ̀ sí pé a ti fún un láàyè láti bá olùkọ́ sọ̀rọ̀.

Àwọn olùwádìí kan ní Institute of Education ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, tí Peter Blatchford ṣáájú wọn, fi ọdún púpọ̀ wo iṣẹ́ àwọn olùrànlọ́wọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. Ohun tí wọ́n gbé jáde ní 2009 ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: àwọn ọmọ tó rí ìrànlọ́wọ́ gbà jù, ẹ̀kọ́ wọn kò tẹ̀ síwájú tó ti ẹgbẹ́ wọn. Wọn kò torí ìyẹn ní kí wọ́n lé àwọn olùrànlọ́wọ́ lọ. Wọ́n rí i pé olùrànlọ́wọ́ kì í sábà ráyè bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ ṣáájú ẹ̀kọ́, pé ọmọ tó nílò olùkọ́ jù náà ni wọ́n ń mú jìnnà sí olùkọ́. Ní Ghana, láàárín 2010 sí 2013, wọ́n dán ètò mìíràn wò. Wọ́n mú àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tó jáde sẹ́kọ́ńdìrì, wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́, wọ́n sì fi àwọn ọmọ tó rẹ̀yìn nínú kíkà àti ìṣirò sọ́dọ̀ wọn. Àwọn ọmọ náà tẹ̀ síwájú. Kì í ṣe ìwé rẹpẹtẹ ni àwọn ọ̀dọ́ náà kà. Wọ́n mọ ọmọ tí iṣẹ́ wọn kàn, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n máa kọ́ ọ.

Ẹlòmíràn á ní bí kékeré bá ti bọ̀wọ̀ fún àgbà, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí. Olùkọ́ ọmọ ọdún 24 lè ní àǹtí tó tó ìyá rẹ̀. Ojú á tì í láti rán an níṣẹ́, á máa dá gbogbo rẹ̀ ṣe, inú á sì máa bí i. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé N-Power, ètò tó ń fún àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́, kalẹ̀ ní 2016, ọ̀rọ̀ yí padà: àwọn tí wọ́n gbà sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀, N-Teach, tí wọ́n ń gba ₦30,000 lóṣù nígbà náà, wá ran olùkọ́ lọ́wọ́, ẹni tó ní dìgírì sì lè bá ara rẹ̀ lábẹ́ olùkọ́ tó ní NCE. Ọ̀wọ̀ lè sọ ẹni tó máa kúnlẹ̀ kí ẹnìkejì, kò lè sọ ẹni tó máa máàkì ìwé. Bí iṣẹ́ bá wà lákọsílẹ̀, kò sí ọmọdé tó rán àgbà níṣẹ́. Ilé-ìwé ló rán àwọn méjèèjì.

Nínú gbogbo àtakò, ti àwọn onílé-ìwé ló wúwo jù. Wọ́n ní kò sówó, kò sáyè. Mo mọ̀ pé owó ọkọ̀ àti owó epo jẹnẹrétọ̀ ń fún wọn lọ́rùn. Síbẹ̀, àǹtí tó ń fi ìbínú lọ láàárín sáà, tí a tún ní láti wá ẹlòmíràn, owó náà ni. Àkókò ìpàdé olùkọ́ àti olùrànlọ́wọ́ yìí kò sì gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí a jí lára ẹni tó ṣì máa wọ takisí Micra lọ sí Ológùnẹ́rù lẹ́yìn iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo gbà pẹ̀lú àwọn olùkọ́ tó ń bẹ̀rù pé olùrànlọ́wọ́ lè di olùkọ́ olówó pọ́ọ́kú tí a fi rọ́pò wọn. Ààlà iṣẹ́ tó wà lákọsílẹ̀ ló lè dáàbò bò wọ́n, nítorí òun ló máa fi hàn nígbà tí ẹnì kan bá ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ láìgba owó olùkọ́.

Ẹ̀yin onílé-ìwé, àti ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹ máa kọ àtẹ àkókò tuntun nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí i lọ́sẹ̀ fún olùkọ́ àti olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, ẹ kọ orúkọ àwọn méjèèjì síbẹ̀, kí ẹ sì kà á mọ́ iṣẹ́ tí ẹ ń sanwó fún.