Ṣájà Fóònù Nínú Ilé Wa
(Ọ̀rọ̀ ìyànjú tí a sọ ní ìpàdé ọdún Ẹgbẹ́)



Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìmọ̀. Iná ìjọba lọ ní ìrọ̀lẹ́; a fi ṣájà sílẹ̀ lára ògiri, a ti fóònù sábẹ́ ìrọ̀rí, a sì sùn lọ. Ní ọ̀gànjọ́ òru, iná dé. Agbára rẹ̀ lè ga ju bí ó ti yẹ lọ, kò sì sí ẹni tí ojú rẹ̀ là.

Iná tí ó wà lára ògiri wa tó fólítì 230. Èyí tí ṣájà lásán ń fún fóònù kò ju fólítì 5 lọ. Ṣájà ni odi tí ó dúró láàrin méjèèjì. Odi ayédèrú kì í nípọn. Bí ó bá ya, iná ògiri lè gba inú wáyà bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ó di fóònù mú. Bátìrì pàápàá a máa gbiná: ní 2016, Samsung kó Galaxy Note 7 kúrò lọ́jà jákèjádò ayé nítorí èyí.

Nítorí náà, orí tábìlì tàbí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì ni kí fóònù tí ó ń gba iná máa wà, kì í ṣe orí ibùsùn. Bí iná bá lọ, àti kí a tó sùn, kí a yọ ṣájà kúrò lára ògiri. Wáyà tí ara rẹ̀ ti bó, kí a sọ ọ́ nù. Kí a má fi ọwọ́ tútù kàn án, kí a má sì jẹ́ kí ọmọdé fi ẹnu rẹ̀ jẹun. Bí ó bá gbiná, kí a kọ́kọ́ pa iná ilé láti orísun. Kí a má da omi sí i.

Ẹ̀yin ará wa ní Amẹ́ríkà, fólítì 120 ni iná tiyín. Kí ẹ tó fi ṣájà ránṣẹ́ sílé, ẹ ka ara rẹ̀. Bí a bá kọ 100–240V sí i, ó dára. Bí ó bá jẹ́ 120V nìkan, ẹ dá a dúró, kí ẹ̀bùn má baà di ìjàǹbá.

Ilé tí a fi ogún ọdún kọ́, iná lè jó o ní wákàtí kan. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Okaka yóò máa gbèrú. Àṣẹ.