Ìkìlọ̀ Lórí Ẹ̀rọ Elépo Tí A Fi Ń Rẹ́ Fúláwà

(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka)

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ elépo tí a fi ń rẹ́ fúláwà ní etí ọ̀nà, ní gáréèjì àti ní iwájú iléeṣẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò máa wí nínú ara wọn pé kí ló kan awakọ̀ kan fúláwà. Ó kàn wá. Ní ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́, kò sí ẹni tí wọ́n gbà fún ọgbà rírẹ́ mọ́. Bí àlejò ńlá bá fẹ́ dé, tàbí bí òjò bá mú kí ewé bo pátákó orúkọ iléeṣẹ́, ọ̀gá yóò wo ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, tàbí ọmọ kọ́ńtíráàtì tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀, yóò ní, "Ìwọ, gbé ẹ̀rọ yẹn." Ibẹ̀ ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àdá ni àwọn bàbá wa fi ń rẹ́ pèrègún àti lápálápá tí wọ́n fi ṣọgbà. Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ àdá. Abẹ gígùn méjì ló gun ara wọn, eyín kún wọn bí eyín ọ̀nì, wọ́n sì ń lọ wọ́n ń bọ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀ka igi tí ó nípọn bí ìka ọwọ́ ni wọ́n ṣe é láti gé. Nítorí náà, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀ka igi àti ìka ọmọ ènìyàn.

Èkínní, ẹ wo inú ọgbà kí ẹ tó tan ẹ̀rọ. Ẹ mú igi gígùn, ẹ rìn yí i ká, ẹ fi tú abẹ́ ewé wò. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń wà nínú ọgbà gáréèjì: ìgò, agolo, wáyà irin, ilé agbọ́n, ejò nígbà mìíràn. Èyí tó burú jù ni wáyà iná. Àwọn onísọ́ọ̀bù a máa fa iná gba inú fúláwà kọjá, ewé a sì bò ó mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí wáyà, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì gé ibẹ̀ títí oníná yóò fi wá pa á. Bákan náà, ẹ wo òkè. Bí wáyà bá rọ̀ sórí ọgbà, ẹ má gbé abẹ irin sún mọ́ ọn. Ẹ rántí pé oje àwọn igi ọgbà kan a máa ta ojú àti ara, èso lápálápá sì ní májèlé. Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ bá gé kúrò nílẹ̀ kí àwọn ọmọdé tó dé ibẹ̀.

Èkejì, ẹ ronú nípa àwọn tó ń kọjá. Ẹni tó di ẹ̀rọ mú kò lè gbọ́ ohùn ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀, abẹ ló tẹjú mọ́. Nítorí náà, ẹnì kan kò gbọdọ̀ dá ṣe iṣẹ́ yìí ní gbangba. Ẹnì kejì ni kí ó máa ṣọ́nà pẹ̀lú àsíá pupa, kí àwọn méjèèjì sì ti jọ fi ohùn ṣọ̀kan lórí àmì ọwọ́ tí í ṣe "dúró". Kí ẹni tó ń ṣọ́nà má ṣe fọwọ́ kan ẹlẹ́rọ láti ẹ̀yìn láé. Kí ó lọ dúró sí iwájú, ní ibi tí ojú yóò ti rí i. Ẹ to kóònù, ẹ ta okùn, kí àyè tó nǹkan bíi mítà 15 wà láàárín ẹ̀rọ àti àwọn ènìyàn, nítorí òkúta àti àfọ́kù ìgò lè fò. Bí ọmọ ilé ìwé tàbí ọlọ́jà bá ti wọ inú àyè yẹn, ẹ dáwọ́ dúró. Kò sì yẹ kí a máa ṣe iṣẹ́ yìí ní àsìkò tí èrò ń wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ tàbí tí iléèwé ń jáde.

Ẹ̀kẹta ni epo. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí ni a ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù wọn, bí a ti ń ṣe fún àwọn jẹnẹrétọ̀ kékeré kan. Ìwé ẹ̀rọ ló máa sọ ìwọ̀n. Bí ó bá ní 50 sí 1, ọ́ìlì mìlílítà 20 ni fún bẹntiróòlù lítà 1, tàbí mìlílítà 100 fún lítà 5. Bí ó bá ní 25 sí 1, mìlílítà 40 ni fún lítà 1. Ẹni tó bá da bẹntiróòlù lásán sí i, ẹ́ńjìnnì yóò nọ́ọ̀kì. Ẹ má bu epo sínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò, kí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ má baà gbé e mu. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí ó tutù kí ẹ tó da epo sí i. Ooru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ló ń rọ̀ sí, ó sì lè rìn dé ibi tí ìyá kan ti ń dín àkàrà. Nítorí náà, ẹ jìnnà sí iná àti sìgá. Lẹ́yìn tí ẹ bá da epo tán, ẹ gbé ẹ̀rọ kúrò níbẹ̀ tó mítà 3 kí ẹ tó tan án.

Ẹ̀kẹrin ni ara yín. Awò tí ń dáàbò bo ojú, ìbọ̀wọ́ tó nípọn, bàtà tó le, ṣòkòtò gígùn, aṣọ tí kò fẹ̀ lápá, jákẹ́ẹ̀tì tí awakọ̀ yóò rí láti òkèèrè, àti ohun ìdíti. Ẹ má fojú kékeré wo ohun ìdíti. Ariwo ẹ̀rọ yìí létí ẹni tó dì í mú sábà máa ń ju dẹ́síbẹ̀ẹ̀lì 90 lọ, òmíràn a sì tó 100. Ìmọ̀ràn kan lórí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà sọ pé 85 ni etí lè gbà fún wákàtí 8 lójúmọ́. Bí 3 bá ti gorí rẹ̀, àkókò yóò dín sí ìdajì. Bí a bá ṣírò rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀, ní 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Etí tó bá sì ti kú báyìí kò ṣeé wò sàn. Gbígbọ̀n ẹ̀rọ náà ń ba iṣan àti ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ jẹ́. Ẹni tí ìka rẹ̀ bá ń kú tipiri lálẹ́, kí ó sọ, kí ó má pa á mọ́ra. Ẹ máa gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ara yín, kí ẹ sì máa mu omi.

Nígbà tí ẹ bá ń rẹ́ ẹ, ọwọ́ méjèèjì ni kí ó wà lórí ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ méjèèjì lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni a ti ń rẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọgbà. A kì í gun dúrọ́ọ̀mù tàbí àga, a kì í sì í gbé ẹ̀rọ kọjá èjìká.

Ẹ̀karùn-ún ló ń gé ìka jù. Bí igi bá há sí ẹ̀rọ lẹ́nu, ẹ pa ẹ́ńjìnnì pátápátá, ẹ yọ wáyà orí púlọ́ọ̀gì, kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Mo lọ kí ọmọkùnrin kan ní ọsibítù, ìka méjì ló ti lọ. Ó ní igi há, òun tú ọwọ́ kúrò lórí ohun tí a ń tẹ̀, abẹ sì dúró, ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń kùn jẹ́jẹ́. Igi tó há yẹn gan-an ló dá abẹ dúró. Bí ó ti fà á yọ ni abẹ tún lọ. Ẹ̀rọ tí abẹ rẹ̀ ń rìn nígbà tí a kò tẹ̀ ẹ́, kílọ́ọ̀ṣì tàbí ìtò epo rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ má lò ó, ẹ gbé e lọ fún mẹkáníìkì.

Nígbà tí mo béèrè ẹni tó kọ́ ọmọ náà ní iṣẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ìwé ẹ̀rọ ṣì wà nínú páálí, wọn kò tíì ṣí i. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé iléeṣẹ́ ni "àìkíyèsára òṣìṣẹ́". Wọ́n tún sọ fún un pé ọmọ kọ́ńtíráàtì ni, kò lẹ́tọ̀ọ́ sí nǹkan kan.

Irọ́ ni. Òfin Ìsanpadà fún Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 ka ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ pọ̀ mọ́ òṣìṣẹ́, bí àdéhùn rẹ̀ bá tilẹ̀ jẹ́ ti ẹnu lásán. Agbanisíṣẹ́ ló ń san owó rẹ̀ fún àjọ NSITF, ìdá 1 nínú ìdá 100 àpapọ̀ owó oṣù. Kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú owó yín fún un. Ẹni tó bá fara pa ní láti fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14, agbanisíṣẹ́ sì ní láti fi tó àjọ náà létí láàárín ọjọ́ 7. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "a ó rí sí i" jẹ ọjọ́ yìí mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ mú ẹ̀dà kan wá fún aṣojú yín. Nàìjíríà sì ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn 155 ti àjọ àwọn òṣìṣẹ́ àgbáyé láti ọdún 1994. Ó wà nínú rẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ fi ìyà jẹ òṣìṣẹ́ tó bá yẹra fún iṣẹ́ tí ó ní ìdí tó yè kooro láti gbà pé ó léwu gidigidi sí ẹ̀mí tàbí ìlera rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ má da bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì sí ojú ọgbẹ́. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ gbé ọwọ́ náà sókè. Ìka tó bá já, ẹ fi aṣọ mímọ́ tó tutù díẹ̀ wé e, ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé ọ̀rá náà lé yìnyín, ṣùgbọ́n kí yìnyín má kan ìka fúnra rẹ̀. Kí gbogbo rẹ̀ bá a dé ọsibítù.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀ yín kí a jọ gbé lọ síwájú àwọn ọ̀gá. Kí ẹnikẹ́ni má di ẹ̀rọ yìí mú láìjẹ́ pé a kọ́ ọ, kí orúkọ rẹ̀ sì wà lákọsílẹ̀. Kí iléeṣẹ́ ra ohun ìdáàbòbò fún ẹlẹ́rọ àti ẹni tó ń ṣọ́nà, láìyọ owó rẹ̀ lára wọn. Kí ọmọ kọ́ńtíráàtì ní ẹ̀tọ́ kan náà pẹ̀lú ẹni tó ti pẹ́ níbi iṣẹ́. Fúláwà tí a bá rẹ́ lónìí yóò tún hù kí oṣù méjì tó pé. Ìka kì í hù. Ẹni tó bá fara mọ́ ohun mẹ́ta yìí, kí ó nawọ́ sókè kí akọ̀wé kà á.

Ìpalára fún ẹnì kan, ìpalára fún gbogbo wa ni.