ÀWỌN TÍ Ń ṢỌ́ ỌKỌ̀ OGUN RỌ́ṢÍÀ LÓJÚ ÒKUN

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìpolongo Ẹgbẹ́ bá àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ sọ)

Ohun tí ẹ kọ sínú ìwé tí ẹ fi pè mí ni pé kí n wá ṣàlàyé bí àwọn ènìyàn ti ń mọ ibi tí ọkọ̀ ogun Rọ́ṣíà wà lójú òkun, àti ìdí tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fi kan ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà sí Rọ́ṣíà tó báyìí. Ẹ má ṣe retí pé n óò bú Rọ́ṣíà kí inú Amẹ́ríkà lè dùn, tàbí pé n óò yìn ín nítorí pé òun kọ́ ni ó mú wa sìn. Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni n óò sọ.

Àwọn baba wa a máa wí pé olè ní í mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta. Àpáta sàn ju òkun lọ. Ọkọ̀ tí ó bá kọjá lórí òkun ní òwúrọ̀, omi ti pa ojú ọ̀nà rẹ̀ dé kí oòrùn tó mú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ tọ ipa rẹ̀ ní láti lọ dúró dè é ní ibi tí kò lè ṣe kí ó má gbà kọjá. Irú ibi bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ láyé. Ọ̀kan nínú wọn ni Bosphorus, ọ̀nà omi tóóró tí ó la ìlú Istanbul já ní ilẹ̀ Tọ́kì. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 30 kìlómítà, ṣùgbọ́n níbi tí ó ti fún jù lọ, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju bí 700 mítà lọ. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ń gbà láti Òkun Mẹditaréníà wọ inú Òkun Dúdú. Àdéhùn tí a ṣe ní Montreux ní ọdún 1936 fi àkóso ọ̀nà náà lé Tọ́kì lọ́wọ́. Orílẹ̀-èdè tí ilẹ̀ rẹ̀ bá kan Òkun Dúdú gbọ́dọ̀ sọ fún Tọ́kì ní ọjọ́ 8 ṣáájú kí ọkọ̀ ogun rẹ̀ tó kọjá. Àwọn tí ilẹ̀ wọn kò bá kàn án, ọjọ́ 15 ni a gbà wọ́n níyànjú láti fi ṣáájú.

Létí omi yìí ni àwọn ará ìlú lásán máa ń dúró sí pẹ̀lú ẹ̀rọ ayàwòrán. Wọn kì í ṣe ọmọ ogun. Bí ọkọ̀ ogun bá ti yọ lókèèrè, wọn a ya àwòrán rẹ̀, wọn a ka nọ́ńbà tí a kọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn a sì fi wé àwòrán tí wọ́n ti yà tẹ́lẹ̀. Nígbà ogun Síríà, nígbà tí Rọ́ṣíà ń kó ẹrù lọ sí èbúté Tartus, àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni ó jẹ́ kí ayé mọ bí ẹrù náà ti pọ̀ tó. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n? Wọ́n wo ibi tí omi mu ọkọ̀ dé. Bí ó bá ń lọ sí Síríà, yóò rì wọ omi. Bí ó bá ń bọ̀, yóò léfòó. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ná ọjà Ẹ̀pẹ́ kò nílò olùkọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ mọ ọkọ̀ tí ó kún àti èyí tí ó ṣófo kí ó tó gúnlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí oṣù Kejì ọdún 2022, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Láti oṣù Kìíní ni ọkọ̀ ogun Rọ́ṣíà 6 tí a fi ń kó ọmọ ogun àti ọkọ̀ onírin lọ sí èbúté ọ̀tá ti gbéra láti àríwá. Mẹ́ta jẹ́ ti ẹgbẹ́ ọkọ̀ Òkun Báltíìkì, mẹ́ta jẹ́ ti ẹgbẹ́ ọkọ̀ Àríwá. Àwọn tí ń ṣọ́ wọn rí wọn bí wọ́n ti ń yí ilẹ̀ Yúróòpù ká, títí tí wọ́n fi dé Tartus. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì, mẹ́ta la Istanbul kọjá; ní ọjọ́ kejì, mẹ́ta ìyókù tẹ̀lé wọn. Rọ́ṣíà ní ìdánrawò ni àwọn ń lọ ṣe. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n kéde fún àwọn awakọ̀ òkun pé kí wọ́n yàgò fún apá ńlá nínú Òkun Dúdú àti Òkun Azov, nítorí pé ìbọn yóò máa dún níbẹ̀ láti ọjọ́ 13 sí ọjọ́ 19. Ukréìn fi ẹ̀hónú hàn. Ní ọjọ́ 24 oṣù náà, ogun bẹ́ sílẹ̀.

Ẹ óò wí pé, ṣé àwọn aṣọ́kọ̀ wọ̀nyí mọ̀ pé ogun ni? Wọ́n rí ọkọ̀. Wọn kò rí inú ọkàn ẹni tí ó rán an. Ìdánrawò àti ogun, aṣọ kan náà ni wọ́n ń wọ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ń kà wọ́n láti ọdún mélòó kan yóò mọ̀ pé ọkọ̀ 6 irú èyí kì í kóra jọ lẹ́ẹ̀kan náà láti òkun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láìnídìí. Ohun tí ìṣọ́ ń ṣe nìyẹn. Ní ọjọ́ 28 oṣù náà ni Tọ́kì sọ pé òun yóò lo àdéhùn Montreux láti dí ọ̀nà fún ọkọ̀ ogun. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ tí Rọ́ṣíà bá pàdánù nínú Òkun Dúdú kò rí arọ́pò gba Bosphorus wọlé. Nígbà tí Moskva, olórí ọkọ̀ wọn níbẹ̀, rì ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin, àyè rẹ̀ ṣófo.

Ẹni tí ó bá sì ń bi mí léèrè ohun tí ó kàn wá nínú Òkun Dúdú, kí ó rántí iye tí ó ra búrẹ́dì lọ́dún náà. Láti èbúté wọ̀nyẹn ni wíìtì púpọ̀ ti ń wá sí Áfíríkà, ìgbà tí ọkọ̀ ogun sì dí ojú omi, ọkọ̀ wíìtì kò lè kọjá. Oṣù Keje ọdún 2022 ni a tó ṣe àdéhùn tí ó jẹ́ kí ó jáde; nígbà tí ó sì pé ọdún kan, Rọ́ṣíà yọ ọwọ́ kúrò.

Àwọn kan nínú yín gbàgbọ́ pé ẹ̀rọ lè ṣe gbogbo rẹ̀. Lóòótọ́, òfin òkun pàṣẹ pé kí ọkọ̀ òwò ńlá máa gbé ẹ̀rọ tí ń kéde orúkọ rẹ̀ àti ibi tí ó wà. Òfin náà kò mú ọkọ̀ ogun. Bí ó bá wù ú, a pa tirẹ̀. Ẹ̀rọ náà sì lè purọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ẹ̀rọ sọ pé ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Defender àti ti Họ́láńdì tí ń jẹ́ Evertsen ti kúrò ní Odesa lóru, wọ́n sì ti súnmọ́ ẹnu ọ̀nà Sevastopol, níbi tí Rọ́ṣíà kó ọkọ̀ ogun rẹ̀ sí. Irọ́ ni. Ẹ̀rọ ayàwòrán tí ó wà ní èbúté Odesa fi hàn pé àwọn méjèèjì kò kúrò lójú kan. Ẹ ronú bí ìbọn ìbá ti dún nítorí ọkọ̀ tí ó so mọ́ èbúté.

Ó ti dún rí nítorí ohun tí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1904, ẹgbẹ́ ọkọ̀ Rọ́ṣíà tí ń lọ bá Jàpáàn jà rí àwọn apẹja Gẹ̀ẹ́sì lóru ní Òkun Àríwá, wọ́n ṣe bí Jàpáàn ni, wọ́n yìnbọn lù wọ́n. Ọkọ̀ wọ̀nyí náà ni ó gba ìhà ọ̀dọ̀ wa kọjá, tí wọ́n dúró ní Dakar gba èédú, tí wọ́n sì yí Áfíríkà ká. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1905, ọkọ̀ aṣọ́nà Jàpáàn kan rí iná ọkọ̀ ìwòsàn wọn nínú òkùnkùn, ó sì fi wáyà aláìlókùn ránṣẹ́. Ní Tsushima ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn parí sí.

Nínú gbogbo ìtàn wọ̀nyí, ti Írẹ́lándì ni ó dùn mọ́ mi jù. Írẹ́lándì kéré, kò sí nínú ẹgbẹ́ ológun ẹnikẹ́ni, ọkọ̀ ogun rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, Rọ́ṣíà kéde pé òun yóò ṣe ìdánrawò ìbọn ní nǹkan bí 240 kìlómítà sí etí ilẹ̀ wọn. Òfin òkun kò kọ̀ fún Rọ́ṣíà, nítorí pé ibẹ̀ jẹ́ omi tí Írẹ́lándì ní ẹ̀tọ́ sí ẹja rẹ̀, kì í ṣe omi tí ó jẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ gan-an. Ìjọba wọn bẹ̀bẹ̀. Àwọn apẹja ìlú Castletownbere kò bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní ibẹ̀ ni àwọn ti ń pẹja, ibẹ̀ ni àwọn yóò sì máa pẹja. Wọ́n lọ bá aṣojú Rọ́ṣíà sọ ọ́ lójú. Kí oṣù náà tó parí, Rọ́ṣíà ní òun yóò gbé ìdánrawò náà kúrò nínú omi wọn. Àwọn apẹja!

Ó wá kù wá. Àwa náà mọ ohun tí ọkọ̀ ogun àlejò í ṣe lójú omi ẹni. Ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Prometheus wà lójú omi Èkó ní oṣù Kẹjọ ọdún 1861, nígbà tí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó fi ìlú rẹ̀ fún wọn. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, àwọn olè ojú omi kọlu ọkọ̀ ẹrù MSC Lucia tí ó ń ti Tógò lọ sí Kamẹrúùnù. Ọkọ̀ ogun Rọ́ṣíà tí ń jẹ́ Vice-Admiral Kulakov ni ó sáré débẹ̀, tí àwọn olè náà sì sá lọ. Iṣẹ́ rere ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bú wọn fún un. Ṣùgbọ́n láti ẹnu ilé-iṣẹ́ ogun Rọ́ṣíà ni ọ̀pọ̀ wa ti gbọ́ pé ọkọ̀ wọn tilẹ̀ wà ní àdúgbò wa.

Ní ọdún kan náà ni ìjọba wa ṣí ẹ̀rọ ìṣọ́ omi tí a ń pè ní Falcon Eye. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ kọ ìwé sí àwọn aṣojú wa ní Àbújá, kí ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí ẹ̀rọ náà rí àti ẹni tí ń ka ohun tí ó rí. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́ ohun tí àwọn apẹja wa láti Bàdágìrì títí dé Ìlàjẹ ń rí lójoojúmọ́, nítorí wọ́n ń rí ohun púpọ̀. Kí ìwé náà dé ọwọ́ mi kí a tó tún pàdé, n óò fi orúkọ mi kún un.

Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè, kí ó dìde.