Kí Àdúgbò Para Pọ̀ Ra Sólà: Ọ̀rọ̀ Tí A Sọ Níwájú Àwọn Olóyè àti Ará Ìlú

  Wọ́n ní kí a má pẹ́ lórí ìdúró. Ẹni tó fi ọdún 31 ṣe iṣẹ́ ìjọba mọ ìwé gígùn kọ ju ọ̀rọ̀ kúkúrú lọ, ṣùgbọ́n a ó gbìyànjú.

Ọ̀rọ̀ iná ni. Ní àdúgbò tiwa, ilé márùn-ún ló ti ní sólà. Ilé márùn-ún, oníṣẹ́ márùn-ún, bátìrì oríṣi márùn-ún. Bí ti ẹnì kan bá bàjẹ́, oníṣẹ́ ẹnì kejì á ní òun ò mọ irú èyí. Tiwa wà lára wọn. Nígbà tí a fẹ̀yìn tì, a ra pánò kan àti bátìrì kan lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Cotonou. Ó ní bátìrì náà á lo ọdún márùn-ún. Oṣù mẹ́jọ ló lò. A pe fóònù rẹ̀ títí, kò gbé e. Ẹni tí a wá mú wá láti tún un ṣe gba owó epo àlọ àti àbọ̀ kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ó wá sọ pé kò sí régulateur níbẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ bátìrì kí iná má baà pọ̀ jù fún un, kí ó má sì gbẹ tán. Àwa tí a ń yẹ ìwé ọjà wò fún ìjọba, a ò yẹ ọjà tiwa wò! Ojú tì wá. A ń sọ ọ́ síta kí ojú má baà ti ẹlòmíràn.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àwọn ilé tó bá fẹ́ sólà ní àdúgbò kan kó ara wọn jọ, kí wọ́n ra irú kan náà, lọ́wọ́ ẹnì kan tó fọwọ́ sí ìwé. Kì í ṣe nǹkan tuntun. Àwọn bàbá wa ń ṣe àáró: lónìí a kọ ebè lóko Lágbájá, lọ́la a dé oko Tàmẹ̀dù. Ní ìlú Portland ní Amẹ́ríkà, àwọn aládùúgbò ṣe irú rẹ̀ ní 2009. Ẹ̀rù ń ba olúkúlùkù pé wọn ó rẹ́ òun jẹ. Wọ́n para pọ̀, wọ́n yan oníṣẹ́ kan fún gbogbo wọn, owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́fà, ó lé ní 300 ènìyàn tó forúkọ sílẹ̀. Ilé 130 ló gba tiwọn. Ẹ fi iye méjèèjì yìí sọ́kàn, a ó padà síbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ti òyìnbó nìyẹn. Ní Kalalé, lókè lọ́hùn-ún ní Borgou, láti 2007 ni àwọn obìnrin Bessassi àti Dunkassa ti ń fi sólà fa omi sí ọgbà ẹ̀fọ́ wọn nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹgbẹ́ wọn ló jọ ń lo ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n obìnrin kọ̀ọ̀kan ló ni ilẹ̀ ẹ̀fọ́ tirẹ̀. A fẹ́ràn ìyẹn. Ohun tí gbogbo ènìyàn ní, tí ẹnì kan pàtó kò sì jẹ nínú rẹ̀, kì í pẹ́ bàjẹ́.

Àwọn kan ń sọ pé kí a dúró de òpó SBEE. Wọn ò jẹ̀bi. Láti 2004 ni ìjọba ti dá ABERME sílẹ̀ fún iná ìgbèríko, òpó sì ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ilé rẹ bá wà nítòsí ọ̀nà ńlá tó ti Dassa gba Savalou àti Bantè lọ sí Bassila, ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí o fi owó rẹ gba compteur, má ra sólà ńlá. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní abà lẹ́yìn Akpassi tàbí Djaloukou ńkọ́? Òpó alára kì í ṣe ìdánilójú. Ẹ rántí 1998: òjò kò tó, omi Akosombo ní Gánà lọ sílẹ̀, iná tí Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ ń rà níbẹ̀ dín kù, Cotonou gan-an wọ òkùnkùn. Kí a lọ bá maire, kí ó fi hàn wá nínú ètò commune ibi tí òpó máa dé àti ibi tí kò ní dé. Kí a tó dá owó ni ká ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Àmpúlù mẹ́rin, watt 7 ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá tàn fún wákàtí 5, 140 ni wọ́n jẹ. Irin ìlọṣọ tó ń jẹ watt 1000, bí o bá lò ó fún ààbọ̀ wákàtí péré, 500 ló jẹ, ju ìlọ́po mẹ́ta gbogbo àmpúlù alẹ́ rẹ lọ. Nítorí náà, kí ìyàwó ilé àti ọkọ jọ sọ ohun tí wọ́n fẹ́ lò kí wọ́n tó forúkọ sílẹ̀. Bátìrì olómi, ìdajì iná inú rẹ̀ ni kí ẹ máa lò. Ẹni tó bá ń lò ó tán lálaalẹ́ ń pa á ni.

Ọ̀rọ̀ igi tún wà, èyí sì le ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Pánò tí òjìji bá bò kò ṣiṣẹ́. Máńgòrò bàbá ẹnì kan lè pa iná ilé ẹlòmíràn. Ta ni yóò sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé kó gé ẹ̀ka? Ẹ̀yin olóyè ni ká gbé ìyẹn fún, kí oníṣẹ́ tó gun òrùlé. Kí ẹ sì yan ọ̀dọ́ méjì, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin, tí oníṣẹ́ yóò kọ́ bí a ṣe ń di wáyà, tí yóò sì máa rán ilé kọ̀ọ̀kan létí láti nu eruku ọyẹ́.

Ó ku owó. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ebè tí a bá kọ lóko, gbogbo ojú ló ń rí i. Owó tí a bá dá, ẹni tó gbé e pamọ́ nìkan ló ń rí i. Kí ó wọ CLCAM, kí ènìyàn mẹ́ta máa fọwọ́ sí i, kí ìyá ọlọ́jà kan wà nínú wọn. Ẹ rántí Portland: ẹni tó forúkọ sílẹ̀ kọ́ ni ẹni tó san. Ẹni tó san nìkan ni kí a bá oníṣòwò sọ̀rọ̀ lé lórí. Kí oníṣòwò gba ìdá kan nínú mẹ́ta kó tó kó ẹrù wá, ìdá kan nígbà tí iná bá tàn, èyí tó kù lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ká ní a ti ṣe bẹ́ẹ̀ ni, fóònù yẹn ì bá dún.

Ní àsìkò ìbò, pánò lè wá lọ́fẹ̀ẹ́. A ò ní kí ẹ má gbà á. Kí ẹ kàn béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mú un wá, ta ni yóò ra bátìrì kejì.

Ta ni a ó kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀? Ẹ̀yin olóyè, ẹ má bínú sí wa. A ti gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ilé ńlá. Àwa rò pé kí a kọ orúkọ gbogbo ilé tó san sínú igbá kan, kí ọmọdé kan mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, kí orúkọ olóyè àti ti opó wà nínú igbá kan náà.

Ẹ̀yin ọdẹ, ọ̀rọ̀ yín ni a fi pamọ́ sí ìkẹyìn. Bátìrì tó ti kú, òjé ló kún inú rẹ̀, a sì mọ̀ pé ẹ̀ ń wá òjé fún ọta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́ ọ nílé. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dakar, àwọn ènìyàn ń yọ òjé inú bátìrì àtijọ́ tà. Láàárín òpin 2007 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2008, ọmọ 18 kú níbẹ̀ nítorí eruku rẹ̀. Oníṣòwò tó bá ta bátìrì fún wa ni kó kó òkú rẹ̀ padà, kí ó wà nínú ìwé tí ó fọwọ́ sí.

Ìwé orúkọ wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹni tó bá fẹ́, kó wá sọ iye àmpúlù tó fẹ́ tàn àti igi tó wà lẹ́bàá ilé rẹ̀. Kó má tíì mú owó wá.