Ọjọ́ Ajé Tí Kò Síbi Tí À Ń Lọ Mọ́

Bóyá inú dánfó lẹ ti ń gbọ́ wa ní Onípáànù, bóyá ẹ ń dúró kí wọ́n mú iná dé kí ẹ lè ṣáàjì fóònù yín, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì la fẹ́ sọ lónìí, àmọ́ a ò ní sọ̀rọ̀ pẹ́ńṣọ̀n. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ owó ti pọ̀. Ọ̀rọ̀ àkókò ni tiwa. Kí ni ẹni tó ti fẹ̀yìntì, tó sì dá wà nílé láti àárọ̀ títí di alẹ́, máa fi gbogbo wákàtí yẹn ṣe?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, "Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, kí ló kàn mí níbẹ̀?" Ó kàn ẹ́ gan-an. Bàbá ẹ tàbí màmá ẹ lè ti wà lẹ́nu ẹ̀ báyìí. Ìwọ náà sì ń bọ̀.

Ta ló ń fẹ̀yìntì ládùúgbò wa?

Tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá pé ọmọ ọgọ́ta ọdún, tàbí tó bá ti lo ọdún márùndínlógójì lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2022 fi kún ti àwọn olùkọ́: ọmọ ọdún 65, tàbí 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn wọ̀nyí mọ ọjọ́ tó máa parí. Wọ́n á gba lẹ́tà, àwọn ẹgbẹ́ wọn á ra kéèkì, wọ́n á ya fọ́tò.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ Ṣómólú. Ìlú àwọn onítẹ̀wé ni. Ẹ rìn gba Bájúláyé kọjá lọ́sàn-án, ẹ ó gbọ́ ẹ̀rọ, ẹ ó gbóòórùn yíǹkì, ẹ ó rí ọmọkùnrin tó gbé bébà lérí tó ń sáré. Ìwé ìkéde ìsìnkú, káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ilé ìwé, ibẹ̀ ló ti ń jáde. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ yẹn lógójì ọdún, ta ló máa fún un ní lẹ́tà? Ojú á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, àwọn oníbàárà á bá ọmọ tó ní kọ̀ǹpútà lọ. Ní Bàrígà, létí ọ̀sà níbi tí àwọn Ìlàjẹ ń gbé, bẹ́ẹ̀ náà ni ti apẹja tí apá rẹ̀ ò gbé àwọ̀n mọ́. Ọjọ́ kan ṣáà ni wọn ò ní lọ mọ́.

Kí ló ń bọ́ lọ́wọ́ wọn?

Lójú tèmi, iṣẹ́ nìkan kọ́ ló ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Ẹni tó ń retí ẹ ló ń lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó o bá pẹ́ dé, ẹnì kan á bi ọ́ pé kí ló dé. Nígbà tó bá di ọjọ́ Ajé tí kò síbi tí ò ń lọ, o lè sùn di ọ̀sán, kò sẹ́ni tó máa béèrè.

Ẹ má sì jẹ́ kí ariwo tàn yín jẹ. Ilé oníyàrá mẹ́wàá ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé. Jẹnẹrétọ̀ ń dún, ṣọ́ọ̀ṣì ń dún, mọ́sáláṣí ń dún, àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́nu ọ̀nà. Síbẹ̀, àgbàlagbà kan lè wà láàárín wọn kó má bá ẹnikẹ́ni sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ láti òwúrọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti wà ní Kánádà tàbí ní Àjàh. Lóṣù kẹfà ọdún 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìròyìn jáde pé ẹnì kan nínú èèyàn mẹ́fà lágbàáyé ló ń jìyà ìdánìkanwà, àti pé ó ń ba ìlera jẹ́ gan-an.

Ṣùgbọ́n dídá wà fúnra rẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Ẹni tó jókòó sídìí ohun tó nífẹ̀ẹ́ sí lè wà lóun nìkan látàárọ̀ kí inú rẹ̀ sì dùn. Èyí tó ń pani lára ni kéèyàn dá wà láìní ohun tó ń ṣe tó nítumọ̀ sí i.

Àpẹẹrẹ kan tí mo mọ̀

Onítẹ̀wé ni bàbá mi ní Ṣómólú. Nígbà tí wọ́n ta ẹ̀rọ wọn, ìdí rédíò ni wọ́n ń jókòó sí ní yàrá wọn ní Bàrígà. Tí ìròyìn bá parí lórí Bond FM, wọ́n á yí i sí Faaji FM. Oúnjẹ wọn dín kù. Ẹ̀jẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Àwa ọmọ ń fi owó ránṣẹ́, wọ́n ń dúpẹ́, kò sì yí nǹkan kan padà.

Ohun tó yí i padà kéré gan-an. Ìwé orin màmá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ti já sí mẹ́ta. Bàbá mi gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wá páálí, gọ́ọ̀mù, abẹ́rẹ́ ńlá àti òwú, wọ́n rán ẹ̀yìn ìwé náà, wọ́n fi aṣọ bò ó. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ṣe é. Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, Bíbélì mẹ́rin dé. Ní báyìí wọ́n ní àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, Bíbélì àti ìwé orin ló kún inú rẹ̀. Àwọn nìkan ló ń ṣe é, wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n gbogbo ìwé tó wà nínú àpótí yẹn ló ní ẹni tó ń retí rẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ nìyẹn: ohun tí àgbà bá máa dá ṣe, kó ní ibi tó ń lọ.

Àwọn nǹkan mìíràn tó ṣeé ṣe

Ẹ gbin nǹkan. Ẹ ò nílò ilẹ̀. Báàgì sìmẹ́ǹtì tàbí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti jò ti tó fún ewédú àti tẹ̀tẹ̀. Èèpo irúgbìn ewédú le, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ta omi gbígbóná sí i kí wọ́n tó gbìn ín. Ẹni tó bá ń bomi rin nǹkan ní ìdí láti jí láàárọ̀, ẹ̀fọ́ rẹ̀ á sì dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò.

Ẹ sọ̀rọ̀ sínú fóònù. Jẹ́ kí màmá ẹ máa gba oríkì ìdílé sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orúkọ àwọn bàbá ńlá, bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ kan, bí Bàrígà ṣe rí kí afárá Third Mainland tó ṣí lọ́dún 1990. Ìṣẹ́jú márùn-ún lójúmọ́. Kí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí, kí ẹ sì dáhùn. Tí ẹ ò bá dáhùn, wọ́n á dákẹ́.

Ẹ rìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa mira fún ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nígbà márùn-ún nìyẹn, kí oòrùn tó mú. Ẹni tó fẹ́ràn ìwé, Yaba ò jìnnà, yàrá ìkàwé ìjọba àpapọ̀ wà lójú ọ̀nà Herbert Macaulay.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan pẹ̀lú. Ọwọ́ tó bá dilẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ń dúró dè é. Àwọn oníjìbìtì náà mọ̀ pé àgbà tó wà lóun nìkan máa gbé fóònù. Tí ẹ bá ra fóònù ńlá fún bàbá yín, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ sọ fún wọn pé kò sí báǹkì tó ń béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ lórí fóònù.

Iṣẹ́ tiwa

Kí ẹ má kàn sọ pé, "Dádì, ẹ wá nǹkan ṣe." Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n tó bí yín. Ẹnì kan ń ya àwòrán rí, ẹnì kan ń hun aṣọ, ẹnì kan mọ ayò ta. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé iṣẹ́ gidi kan fún wọn, kí ẹ sì máa retí rẹ̀: ṣòkòtò tó ya, ìtàn tí ẹ fẹ́ gbọ́, ẹ̀fọ́ tí ẹ máa wá gbà ní Sátidé.

Ìwọ tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ní nǹkan kan tó ò ń ṣe tí kì í ṣe ti ọ̀gá ẹ. Bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ báyìí, kó lè ti mọ́ ẹ lára nígbà tí ọjọ́ náà bá dé.

Kí lẹ́ni tó ti fẹ̀yìntì nílé yín ń ṣe? Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa, a ó gbé e sáfẹ́fẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.