Ilé Ẹbí, Owó Ilé, àti Ẹni Tó Mú Kọ́kọ́rọ́ Lọ́wọ́



Ní Ifangni wa yìí, láti Ìgólò létí bodè dé Bánígbé, ọ̀pọ̀ ẹbí ló ní ilé tí bàbá kọ́ sílẹ̀, tí àwọn ayálégbé ń gbé. Àwọn mìíràn tún ní ti Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu. Bàbá ti lọ, àwọn ọmọ ti fọ́n ká, ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbowó. Ká ní ilé náà ní yàrá 8, tí yàrá kọ̀ọ̀kan ń mú 10.000 fráǹkì wá lóṣù. 80.000 nìyẹn lóṣù, 960.000 lọ́dún. Tí ọdún bá parí, wọ́n á ní àtúnṣe òrùlé àti owó-orí ló gbé e lọ. Ó lè jẹ́ òótọ́ o. Ṣùgbọ́n ìwé dà? Ibẹ̀ nìjà ti ń bẹ̀rẹ̀, títí ẹjọ́ á fi dé iwájú ẹ̀yin ìjòyè.

Àwọn ọmọ wa wá ń sọ pé lójísíẹ̀lì kan wà tó ń kó gbogbo iṣẹ́ ilé pọ̀ síbì kan: orúkọ ayálégbé, ìwé àdéhùn, owó tó wọlé, ẹni tó jẹ gbèsè, àtúnṣe, owó-orí. Tí ayálégbé bá fi MoMo sanwó, wọ́n á kọ ọ́ sí i, ìwé ẹ̀rí owó á jáde. Ọmọ tó wà l'Ékòó tàbí ní Paris á rí i lọ́jọ́ kan náà. Nǹkan tó dára ni.

Àmọ́, ta ló mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́? Tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló mọ nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n fi ń ṣí i, ìwé abẹ́ ìrọ̀rí àtijọ́ náà ló ṣì jẹ́; ó kàn ti bọ́ sínú fóònù ni. Ohun tí wọ́n bá kọ sínú ẹ̀rọ ló ń ṣírò. Kò mọ ohun tí wọ́n fi pamọ́.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin la ń bẹ̀bẹ̀ fún:

Kí ẹni mẹ́ta, ó kéré tán, lè ṣí i, kí obìnrin wà nínú wọn. Òfin ẹbí ọdún 2004 ti fi ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin sípò kan náà nínú ogún.

Kí wọ́n máa tẹ ìṣirò náà sórí ìwé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí wọ́n kà á sókè níwájú ẹbí, torí àwọn àgbà tí kò mọ̀wé kà.

Kí a má rẹ́ ayálégbé jẹ. Òfin ọdún 2018 ní owó tí onílé ń gbà sílẹ̀ kí ayálégbé tó wọlé kò gbọdọ̀ ju ti oṣù 3 lọ.

Kí a má pín orúkọ àti nọ́ńbà ayálégbé kiri lórí WhatsApp. Òfin wà lórí ìyẹn náà.

Ẹ̀yin ìjòyè, ọwọ́ yín lọ̀rọ̀ yìí kù sí. Ẹni tó bá gbé ẹjọ́ owó ilé wá, ẹ ní kó kọ́kọ́ mú ìṣirò rẹ̀ wá. Ẹbí tí kò tíì lágbára lójísíẹ̀lì, kó fi ìwé àti bírò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹni tí kò lè kọ òótọ́ sínú ìwé, ẹ̀rọ ò ní bá a kọ ọ́.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ilé àwọn bàbá wa di ilé ìjà.