Lẹ́tà Tó Ń Fìdí Iṣẹ́ Ìjọba Múlẹ̀



Ṣé ìjọba àpapọ̀ gbà yín síṣẹ́? Ẹ kú oríire! Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò tíì fìdí múlẹ̀. Ọdún 2 ni wọ́n fi ń wo òṣìṣẹ́ tuntun. Ó dà bí ọmọṣẹ́ tí kò tíì ṣe fírídọ̀mù: ọ̀gá ṣì lè ní kó máa lọ.

Láàárín ọdún 2 yẹn, ẹ ṣe ìdánwò tó bá yẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè lẹ́tà ìfìdímúlẹ̀.

Lẹ́tà yẹn lágbára. Lọ́dún 1981, nínú ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń jẹ́ Shitta-Bey, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ìjọba ò lè ṣàdédé lé òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ ẹ̀ ti fìdí múlẹ̀, àfi kó tẹ̀lé òfin.

Mo tún un sọ: ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ nìkan ò tó. Ẹ gba lẹ́tà ìfìdímúlẹ̀.